Bí a ṣe ń ran ìdílé lọ́wọ́ ní Ukraine kí yàrá wọn lè móoru lásìkò òtútù

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá látọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn ìjọ, àti àwọn tó mọ ìdílé kan ṣoṣo níbẹ̀: "A ti dá owó jọ, òtútù sì ń bọ̀. Kí ni ká rà?"

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Orí iná ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò nínú iṣẹ́ yìí: ààrò ti dé, igi ti dé, àmọ́ fèrèsé tí bọ́ǹbù fọ́ ṣì wà ní ṣíṣí, ooru sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìta ló ń dáná fún. Bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyí: yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé rẹ̀, ibùsùn inú rẹ̀, lẹ́yìn náà iná.

Ohun tí à ń lé ni ìwọ̀n 18 °C, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò yẹ kí inú ilé tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí aláìsàn bá ń gbé nínú yàrá náà, ẹ má fi 18 ṣeré. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè fara da 15 bí ibùsùn rẹ̀ bá dáa. Ní oṣù January ní Kyiv tàbí Kharkiv, òtútù sábà máa ń wà ní ìwọ̀n díẹ̀ sísàlẹ̀ òdo, nígbà tó bá sì le gan-an, ó lè já sí −20 °C.

## Ohun tí ẹ máa béèrè kí ẹ tó náwó

- Ilé ilẹ̀ ni àbí fúláàtì? Bó bá jẹ́ fúláàtì, àjà kelòó ni wọ́n wà?
- Kí ló ń mú ilé náà móoru kí ogun tó dé: omi gbígbóná tí ìlú ń pín, bọ́ílà gáàsì, iná mànàmáná, àbí igi?
- Ṣé *pich* wà níbẹ̀, ìyẹn ààrò bíríkì ńlá tó máa ń wà nínú ilé abúlé? Ṣé ó ti ya?
- Fèrèsé mélòó ló wà, èwo ló fọ́? Ẹ gba gígùn àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà.
- Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ń lo ọ́síjìn nílé? (Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí iná kankan nínú yàrá yẹn.)
- Ta ló lè la igi, ta ló sì lè gbé e wọlé?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń fò jù. Màmá arúgbó tó ń dá gbé, tí wọ́n wá já ìtì igi tó nípọn sílẹ̀ fún, kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Igi lílà ni kí ẹ rà fún un.

Bí *pich* bá wà tó ṣì dúró, ẹ tún un ṣe dípò kí ẹ ra ààrò irin. Amọ̀, iyanrìn, bíríkì díẹ̀, ilẹ̀kùn irin tuntun àti ayẹ́ irin tuntun fún ibi tí igi ń jókòó lé sábà máa ń tó. Bíríkì máa ń gbà ooru pamọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Ààrò irin ní tiẹ̀, kò ju bí ìdajì wákàtí lọ tí yóò fi tutù.

## Ilé tó ní bọ́ílà gáàsì: bátìrì lẹ kọ́kọ́ máa rò

Láti October 10, 2022 ni Rọ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mísáìlì àti dúróònù kọ lu ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ukraine léraléra. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí ni pé bí iná mànàmáná bá lọ, bọ́ílà gáàsì náà á kú bí gáàsì tilẹ̀ ń wá geere, nítorí pé iná ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi lọ sínú rẹdiétọ̀, òun náà ló ń yí fáànù. Bọ́ílà bẹ́ẹ̀ kì í mu iná púpọ̀: wátì 100 sí 150 ni, tó máa tó kílówátì-wákàtí kan ní wákàtí mẹ́jọ.

1. Ẹ ra bátìrì LiFePO4 (irú bátìrì lithium kan) tó jẹ́ 12 V, 100 Ah, tàbí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.
2. Ẹ ra inverter tó jẹ́ pure sine wave. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí pọ́ọ̀ǹpù kùn, kó sì gbóná, ó sì lè ba ọpọlọ bọ́ílà jẹ́.
3. Ẹ gbé bátìrì sínú ibi tó móoru. LiFePO4 kì í fẹ́ kí wọ́n chájì òun nígbà tí òun bá tutù ju òdo lọ; ó máa ń bà á jẹ́ pátápátá.
4. Bí bọ́ílà bá tan, tó sì tún kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ yí orí púlọ́ọ̀gì padà. Ojú tí bọ́ílà fi ń mọ̀ pé iná ti ràn nílò láti mọ wáyà wo ni neutral. Bó bá ṣì ń kú, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà kiri.

Àwọn bọ́ílà àtijọ́ kan wà tí omi ń yí fúnra rẹ̀ nínú wọn, tí wọn ò lo iná mànàmáná rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó ra bátìrì.

## Yàrá wo?

1. Ẹ yan èyí tó kéré, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 12 sí 16, tí ògiri kan ṣoṣo rẹ̀ kọjú síta bó bá ṣeé ṣe.
2. Bí yàrá méjì bá jọ dọ́gba, ẹ mú èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gúúsù. Oòrùn ọ̀sán á ràn yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.
3. Tí ẹ bá máa gbé ààrò síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ihò èéfín tàbí fèrèsé tí páìpù lè gbà jáde.
4. Ẹ fi kúbùsù tó wúwo kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kó balẹ̀ dáadáa. Ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn àwọn yàrá yòókù.
5. Bí rẹdiétọ̀ bá wà ní àwọn yàrá tí wọ́n pa tì, ẹ ṣàn omi inú wọn dànù kí yìnyín tó mú un. Omi tó bá dì inú páìpù á fà á ya, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí òtútù bá rọlẹ̀, tí omi á wá bo ilẹ̀.

Ohun kan wà tó ta ko ara wọn níbí. Ní Ukraine, ìlànà ògiri méjì ni wọ́n ń tẹ̀ lé tí bọ́ǹbù bá ń já: kí ògiri méjì ó kéré tán wà láàárín èèyàn àti ìta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé ló sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yàrá tó móoru ní fèrèsé, nítorí náà kò ṣeé sá sí. Ẹ jẹ́ kí kóòtù, bàtà àti kúbùsù kọ̀ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà fún gbogbo ará ilé, kí wọ́n sì fi kọ́ra láti ti ilẹ̀kùn ààrò pa kí wọ́n tó jáde.

## Fèrèsé

Ohun èlò fún fèrèsé kan tó jẹ́ 130 × 140 cm:

- ọ̀rá líle tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo ọgbà, 150 sí 200 micron, ègé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 160 × 170 cm
- igi tẹ́ẹ́rẹ́ 20 × 40 mm, bíi mítà 12
- stapler oníbọn àti pín-ìnnì 10 mm, tàbí ìṣó kéékèèké
- téèpù tó fẹ̀ tó sì lẹ̀ dáadáa
- OSB, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ègé igi tẹ̀ pọ̀, 10 sí 12 mm, bí gíláàsì bá ti fọ́ tán

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn kí ẹ tó yọ gbogbo gíláàsì tó kù lójú fèrèsé. Ẹ yọ ti òkè kí ẹ tó yọ ti ìsàlẹ̀, kó má bàa já lù yín lọ́wọ́.
2. Bí gíláàsì kò bá sí mọ́, ẹ kan OSB láti ìta, kó kọjá etí ihò náà ní 5 cm yíká. Ẹ fi àyè tó tó ìwé ńlá kan sílẹ̀ ní àárín, kí ẹ fi ọ̀rá bo ibẹ̀ níṣẹ̀ẹ́po méjì, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Gbígbé nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́ta a máa dá èèyàn lágara.
3. Ẹ ká etí ọ̀rá mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa kí ẹ tó kàn án. Bí ẹ bá kan ọ̀rá lásán, atẹ́gùn àkọ́kọ́ á fà á ya níbi ìṣó.
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkàn láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lọ sí igun. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti igun, á ṣùjọ.
5. Ọ̀rá kejì á wà ní inú, kí afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan wà láàárín méjèèjì, 2 sí 5 cm. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló ń dá òtútù dúró, ọ̀rá kàn ń dè é mọ́lẹ̀ ni.
6. Ẹ lẹ téèpù yí ká gbogbo etí.
7. Ẹ mú ẹ̀yìn ọwọ́ yín lọ káàkiri etí fèrèsé, ibi ilẹ̀ àti ibi púlọ́ọ̀gì ògiri. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti mọ afẹ́fẹ́ tútù, ẹ dí i.

Ẹ má ṣe dí ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé, pàápàá níbi tí ààrò tàbí gáàsì bá wà. Àṣìṣe tó ń pa èèyàn jù nìyẹn, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

## Ibùsùn

Orí ilẹ̀ ló tutù jù nínú yàrá. Ẹ gbé fóòmù kúrò nílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ páálí àti pákó lẹ tò sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ èèyàn ṣe pàtàkì tó èyí tó bo ara rẹ̀, nítorí pé ara ń tẹ òwú kúbùsù mọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ẹ tẹ́ kúbùsù onírun kan sábẹ́, kí ẹ tó ka ti òkè. Ẹ fa ibùsùn jìnnà sí ògiri ìta ní 20 cm. Bí ẹ bá lè fi okùn àti aṣọ ṣe bí àgọ́ lórí ibùsùn, ooru ara àwọn tó ń sùn á máa kó jọ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí àbẹ́là tàbí iná kankan nínú àgọ́ yẹn.

Ìgò rọ́bà omi gbígbóná dára gan-an. Bí kò bá sí, ìgò ike omi lítà 1.5 lè ṣiṣẹ́, àmọ́ omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 60 °C lọ, torí ike yẹn máa ń rún, á sì da omi sára ọmọdé. Ẹ wé e sínú ìbọ̀sẹ̀.

## Ààrò irin

*Burzhuika* ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ilé ilẹ̀ nìkan ló wà fún.

Yíyàn. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó 3 mm, 4 sàn jù. Èyí tó jẹ́ 2 mm á ká kí òtútù kan tó parí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì ní ṣeé tì mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀, dúrọ́ọ̀ eérú, àti ìdè ilẹ̀kùn tó le. Èyí tí wọ́n fi àgbá epo ṣe rọrùn láti rí, àmọ́ irin àgbá tẹ́ẹ́rẹ́, iná á lu ú, epo àti ọ̀dà ara rẹ̀ á sì máa rú èéfín olóró. Bí òun nìkan ló bá wà, ẹ sun ún ní ìta fún wákàtí méjì kó tó wọlé.

Gbígbé e kalẹ̀:

1. Ààyè mítà 1 láàárín ààrò àti ohunkóhun tó lè jó. 70 cm bí wọ́n bá ti fi páànù bo ògiri. Níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, mítà 1.25.
2. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ pákó, ẹ to bíríkì sábẹ́ ààrò. Ẹ tẹ́ páànù 50 × 70 cm síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí iná tó bá ta jáde.
3. Páìpù gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹnu ààrò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 120 mm ló wọ́pọ̀. Ẹ má ṣe fún un níbikíbi. Ẹ má lo páìpù tí wọ́n fi zinc bò fún mítà àkọ́kọ́, nítorí pé zinc tó bá gbóná gan-an ń tú èéfín tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.
4. Níbi ìsopọ̀, ẹnu páìpù òkè ló máa wọ inú ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, omi dúdú tó ń rùn á máa ṣàn sí ara páìpù nínú yàrá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, nítorí pé ó yàtọ̀ sí ohun tí ojú rò pé èéfín fẹ́.
5. Ibi tó bá nà gbọọrọ kò gbọ́dọ̀ ju mítà 1 lọ, kó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta.
6. Bó bá máa gba fèrèsé kọjá, ẹ yọ ojú gíláàsì kan, kí ẹ fi páànù dípò rẹ̀, kí ihò páìpù wà láàárín páànù náà. Kó jìnnà sí igi tàbí ike fèrèsé ní 15 cm ó kéré tán. Fèrèsé oníke máa ń rọ̀ tí ooru bá dé bá a. Ẹ fi rock wool, òwú tí iná kì í jó, wé páìpù níbẹ̀.
7. Ní ìta, ẹ fi ìsopọ̀ onírísí T síbi tí páìpù ti yí gòkè, kí ìdérí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa ro omi àti dúdú èéfín dànù.
8. Láti ibi iná dé orí páìpù, ẹ jẹ́ kó gùn tó mítà 5. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé lọ. Páìpù kúkúrú tó kàn yọrí lójú fèrèsé lásán á máa dá èéfín padà sínú ilé ní ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́.
9. Ẹ dá iná àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí, torí ọ̀dà ara ààrò á rùn.
10. Ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n tó dáná, kí wọ́n mú ìṣáná tó ń jó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ààrò. Bí ọwọ́ iná bá fà wọ inú, ó ti tó. Bó bá dúró gbọnrangandan tàbí tó fà síta, kí wọ́n sun ìwé gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mú páìpù móoru, kí wọ́n tún dán an wò.

Irin pẹlẹbẹ tó ń dí páìpù kò gbọ́dọ̀ ṣeé tì pátápátá. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbé e fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń tì í lóru kí ooru má bàa lọ, nígbà tí ẹyin iná ṣì ń pọ́n, àkókò yẹn gan-an ni gáàsì olóró ń pọ̀ jù.

Ẹyin iná lè wà láàyè nínú eérú fún ju ọjọ́ kan lọ. Garawa irin tó ní ìdérí ni kí wọ́n kó o sí, kí wọ́n gbé e síta, jìnnà sí ògiri. Kí wọ́n ro páìpù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí igi bá jẹ́ paini tàbí tó tutù díẹ̀.

## Igi: mélòó, irú wo, láti ibo

Kílò kan igi gbígbẹ ní bíi kílówátì-wákàtí 4 nínú. Ààrò irin lásán ń fi ju ìdajì rẹ̀ ṣòfò gba páìpù lọ. Yàrá mítà onígun mẹ́rin 15 tí wọ́n ti dí fèrèsé rẹ̀ nílò nǹkan bíi kílówátì 1.5 sí 2 nígbà tí ìta bá wà ní −10 °C. Ìyẹn ni pé kílò 1 ní wákàtí kan, kílò 10 lójúmọ́ bí wọ́n bá dáná fún wákàtí mẹ́wàá, 300 lóṣù. *Skladometr* kan, ìyẹn igi tí wọ́n tò ní mítà kan gígùn, mítà kan ìbú, mítà kan gíga, jẹ́ nǹkan bíi kílò 300 sí 350 bó bá jẹ́ paini gbígbẹ. Óákù wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ ṣírò *skladometr* kan lóṣù fún yàrá kan, láti àárín October títí di àárín April. Bí fèrèsé bá ṣì ń jò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò sì ní tó.

Omi inú igi kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi kò wọ́n. Ẹ la igi kan kí ẹ tó fi gún ojú tuntun, ẹ má fi gún èèpo. Igi tí wọ́n gé ní September kò lè gbẹ kí December tó dé. Bí ẹ bá pẹ́ jù, ẹ ra bíríkẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi eérún igi tẹ̀. Omi inú rẹ̀ kì í ju 10 nínú 100 lọ, ó wà nínú ìdì kílò 10 tí arúgbó lè gbé, kò sì nílò àáké. Ó máa ń wú bó ṣe ń jó, nítorí náà kí wọ́n má kó ju ìdajì ààrò lọ. Kò sì gbọ́dọ̀ kan omi rárá, á tú palẹ̀.

Ẹ má sun:

- pákó tí wọ́n kùn, fọ́níṣọ̀ àtijọ́, OSB tó ṣẹ́kù
- àpótí ọta ibọn tàbí ti bọ́ǹbù. Wọ́n ti fi oògùn tàbí ọ̀dà pa pákó rẹ̀
- pákó ojú irin rélùwéè
- ike, rọ́bà, ọ̀rá

Nípa igbó: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ igbó lọ ṣẹ́ igi ní Kharkiv, Kherson, Mykolaiv tàbí Donetsk, tàbí níbikíbi tí ọmọ ogun ti gbé rí, àfi tí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n ti ro ibẹ̀ mọ́. Àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ ti pa àwọn tó ń wá igi. Irú kan tí wọ́n ń pè ní PFM-1 kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, oníke ni, ó sì fara jọ ewé nílẹ̀. Pé ará abúlé kan ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lánàá kò túmọ̀ sí pé kò sí i níbẹ̀. Lára ìrànlọ́wọ́ yín ni pé kí igi dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí wọ́n má bàa ní ìdí láti wọ igbó. Ilé iṣẹ́ igbó ìjọba, Lisy Ukrainy, ń ta igi ìdáná, wọ́n sì ní ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un tí wọ́n ń pè ní DrovaYe.

## Carbon monoxide

Ẹ má gbé ààrò fún ẹnikẹ́ni láìsí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ carbon monoxide pẹ̀lú rẹ̀. Bí owó bá fẹ́ kù díẹ̀, ẹ dín ìdílé kan kù lórí ìwé, kí ẹ má dín ẹ̀rọ kù. Òun ni gáàsì olóró tí iná tí kò jó dáadáa ń tú jáde: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kì í jí.

1. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ EN 50291 sí lára, ìyẹn ìlànà Yúróòpù fún ẹ̀rọ yìí.
2. Ẹ gbé e síbi tí orí ẹni tó sùn máa ń wà, mítà 1 sí 3 sí ààrò. Kó má wà lẹ́yìn kọ́tìnì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
3. Ẹ fún wọn ní bátìrì tó máa rọ́pò èyí tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa tẹ bọ́tìnì ìdánwò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.
4. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ké lójú ẹsẹ̀ bí gáàsì náà bá kéré. Ní 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́), ó máa ń tó wákàtí kan kó tó ké; ní 300 ppm, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó bá fi èéfín dán an wò, tó ní ó ti bàjẹ́, ni kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí inú ń ru wọ́n, kí wọ́n jáde síta ná, ilẹ̀kùn ni kí wọ́n ṣí lójú ọ̀nà, kì í ṣe kí wọ́n dúró paná. Kí wọ́n pe 103 tàbí 112 láti ìta.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, ní báákónì, tàbí nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé; mítà 6 sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ààrò èédú tí wọ́n fi ń yan ẹran, ìta ni ibùgbé rẹ̀. Iná gáàsì ìdáná kì í ṣe fún mímú yàrá móoru. Bí gáàsì bá lọ, kí wọ́n ti gbogbo kọ́ọ̀kì, nítorí pé ó lè padà lóru láìsí iná lórí rẹ̀. Nọ́mbà gáàsì pàjáwìrì ni 104.

## Fún àwọn tó wà ní fúláàtì

Ẹ má gbé ààrò igi lọ síbẹ̀. Àwọn kan máa ń ti páìpù bọ ihò afẹ́fẹ́ ilé ìdáná, ihò yẹn kan náà sì ń kọjá nínú fúláàtì gbogbo àwọn tó wà lókè. Aládùúgbò ló máa gba gáàsì olóró náà.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ooru dé ara, kì í ṣe kó dé yàrá. Kúbùsù oníná mànàmáná ń mu bíi wátì 60 sí 100, àpótí bátìrì kílówátì-wákàtí 1 á sì gbé èyí tó jẹ́ 60 dé ilẹ̀ mọ́. Hítà wátì 1,500 á fa àpótí kan náà gbẹ ní bí ìdajì wákàtí ó lé díẹ̀. Ẹ má ra hítà fún ẹni tí kò ní iná.

*Okopna svichka*, àbẹ́là inú agolo tí wọ́n fi páálí àti ìda ṣe, inú kòtò ọmọ ogun ló wà fún. Nínú fúláàtì, ó ń rú èéfín, bí ẹnikẹ́ni bá sì da omi sí i, ìda gbígbóná á bú gbàmù. Kí wọ́n dé e pa ni. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń dé lórí àbẹ́là kì í fi ooru kún ooru. Ohun tí àbẹ́là ní náà ló ní.

Kí ìdílé mọ *Punkt Nezlamnosti* tó sún mọ́ wọn jù. Láti November 2022 ni ìjọba ti ń ṣí àwọn ibùdó yìí: ooru, omi, iná láti chájì fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí máàpù fóònù kí íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ.

## Owó àti ríra

Ẹ ra nǹkan ní Ukraine, ní hryvnia, owó ibẹ̀. Owó ọkọ̀ tó máa gbé kúbùsù wá láti òkèèrè sábà máa ń ju iye kúbùsù náà lọ, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe *burzhuika* sì wà níbẹ̀. Ẹ san owó igi ní July tàbí August. Lẹ́yìn October, ẹrẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀nà abúlé ṣòroó gbà, igi gbígbẹ náà á sì ti wọ́n.

Ẹ bá *starosta*, ìyẹn olórí abúlé, tàbí ọ́fíìsì *hromada*, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan ìdílé. Wọ́n mọ ẹni tí UNHCR (àjọ UN fún àwọn olùwá-ibi-ìsádi), IOM (àjọ UN fún àwọn tó ń ṣí kiri) tàbí Red Cross ti fún lówó òtútù, wọ́n sì mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé gbogbo wọn. Ẹ má gbé fọ́tò ilé, ilé ìkẹ́rù tàbí ibùdó tí ẹ ti ń pín nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ibẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ yín tó padà:

- ìdílé ti dáná fúnra wọn níṣojú yín, láti ìdánwò ìṣáná dé kíkó eérú
- ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti ké nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì, gbogbo wọn sì ti gbọ́ bó ṣe ń dún
- garawa irin, ìbọ̀wọ́, búrọ́ọ̀ṣì páìpù, ẹ̀rọ ìpaná
- 101 fún panápaná, 103, 104 àti 112, tí ẹ kọ gàdàgbà sórí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn
- nọ́mbà ẹni kan ládùúgbò tí wọ́n lè pè bí páìpù bá bọ́